Omi Kún Yàrá Abẹ́ Ilẹ̀: Lítà Mélòó Ló Wà Níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ọ̀gá ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé bàbá wa wà nítòsí odò Ògùnpa níbí n'Íbàdàn, yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọ̀dà àti táìsì ni mò ń tà. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ti kún ibẹ̀. Mo fi téèpù wọn ilé náà láti ìta: ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, ó fẹ̀ ní 26. Mo ki igi bọ omi láti orí àtẹ̀gùn, ó jẹ́ íǹṣì 54. Mo tún ki igi náà gba ojú àwọn fèrèsé atẹ́gùn mẹ́rin, mo rí 52, 51, 47 àti 46. Mo mú èyí tó jìn jù, mo sọ 40, 26 àti 54 di púpọ̀, mo rí 56,160, mo sì gbà pé iye lítà nìyẹn. Òpó mẹ́rin ló wà láàárín yàrá náà, ògiri búlọ́ọ̀kù kan ló là á sí méjì, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà 150 tí a kò tíì ṣí àti páálí táìsì 200 ló wà nísàlẹ̀ omi. Ẹni tó fẹ́ bá mi fa omi náà ní kò dín ní 200,000 lítà, ó ní owó ogún táńkà lòun máa gbà, pé bí òun bá gbé pọ́ǹpù íǹṣì mẹ́ta dé, ọ̀sán kan ṣoṣo ni yóò fi gbẹ. Ta ló tọ̀nà nínú wa?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánwò. Kí Ọlọ́run fi òfò ọjà ra ẹ̀mí. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: iye tí ẹ rí kò tọ̀nà, iye tí oníṣẹ́ yẹn sọ náà kò tọ̀nà. Pẹ̀lú àwọn ìwọ̀n tí ẹ kọ ránṣẹ́, omi tó wà níbẹ̀ yóò tó nǹkan bí 97,000 lítà. Bí a bá kó o sínú táńkà 10,000 lítà, mẹ́wàá ni, kì í ṣe mẹ́fà, kì í sì í ṣe ogún. Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. “Ọ̀sán kan ṣoṣo” yẹn ló bà mí lẹ́rù, nítorí ilé tí omíyalé kò wó lè wó nígbà tí wọ́n bá ń fa omi náà jáde. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò.

Kí ẹ tó tún wọn ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé wọ́n ti já iná ilé náà láti orí òpó tàbí láti ibi tí ẹsẹ̀ ẹni kò ti ní kan omi. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan bá wà lábẹ́ omi tí iná sì dé lójijì, ẹni tó bá wà nínú omi náà ni yóò fara gbá a. Kì í ṣe iná ìjọba nìkan: bí ẹnì kan bá tan jẹnẹrétọ̀ lókè, tí wáyà rẹ̀ sì dé ìsàlẹ̀, ewu kan náà ni. Bí ẹ ṣe gba ojú fèrèsé wọn omi náà láìwọ inú rẹ̀ dára gan-an. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí gbogbo ènìyàn máa ṣe é.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé ẹ pa ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì pọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà ni 40, ẹsẹ̀ bàtà ni 26, ṣùgbọ́n íǹṣì ni 54. Ohun tó bá ti inú irú ìsọdipúpọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde kò ní orúkọ kankan. Kì í ṣe lítà rárá. Íǹṣì 12 ló ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà íǹṣì 54 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4.5. Ẹ wá sọ 40, 26 àti 4.5 di púpọ̀, ẹ ó rí 4,680. Ìyẹn náà kò tíì di lítà. Ká ní a kan àpótí kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, omi tí yóò gbà jẹ́ lítà 28.3. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ 4,680 lẹ ní, torí náà ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 28.3, ó di bíi 132,500 lítà. Ó ti ju ìlọ́po méjì ohun tí ẹ rí lọ, bẹ́ẹ̀ a kò tíì yí ìwọ̀n kankan padà. Ìdí rèé tí mo fi máa ń gba ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n yí gbogbo ìwọ̀n sí mítà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìṣirò. Àpótí tó jẹ́ mítà kan lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pè ní kúbíìkì mítà kan, 1,000 lítà gééré ló ń gbà: kẹ́ẹ̀gì 25 lítà ogójì nìyẹn, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Kò sí nọ́ńbà kankan tí ẹ ní láti há sórí ju ìyẹn lọ. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mítà 0.305, íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54.

Ṣùgbọ́n 132,500 yẹn náà ti pọ̀ jù, nítorí ìta ilé lẹ ti wọ̀n ọ́n. Omi kò sí nínú ògiri. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́sàn-án pẹ̀lú pílásítà rẹ̀ á tó íǹṣì mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ogún íǹṣì ni ẹ óò yọ kúrò nínú gígùn, ogún kúrò nínú ìbú. Inú yàrá náà wá di ẹsẹ̀ bàtà 38 àti íǹṣì mẹ́rin ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 24 àti íǹṣì mẹ́rin ní ìbú. Ní mítà, ó jẹ́ 11.68 àti 7.42. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, ojú ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 86.7. Ẹni tó bá wo ogún íǹṣì yẹn lójú lásán lè sọ pé kò tó nǹkan, àmọ́ ó ti gé ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ kúrò nínú omi yín. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń fi kankéré ṣe ògiri abẹ́ ilẹ̀, ó sì lè nípọn ju ti òkè lọ. Bí ẹ bá ní pílánù ilé náà, ẹ wò ó níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ na téèpù gba ojú fèrèsé atẹ́gùn kan, kí ẹ wọn bí ògiri ṣe nípọn tó láti ìta dé inú.

Ọ̀rọ̀ jíjìn omi ló wá kàn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ojú omi máa ń tẹ́jú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í sábà tẹ́jú. Kọ́lékọ́lé tó mọṣẹ́ á dà á kí ó fì sí apá kan, kí omi lè rọ́nà lọ sí ojú ihò. Èyí ló fà á tí ẹ fi rí 54 lẹ́bàá àtẹ̀gùn, tí ẹ sì rí 46 ní òdìkejì. Bí ẹ bá lo 54 fún gbogbo yàrá, ẹ ti fi omi tí kò sí níbẹ̀ kún un. Bí ẹ bá lo 46, ẹ jẹ gbèsè. Ẹ ro márùn-ún náà pọ̀: 54, 52, 51, 47 àti 46 jẹ́ 250. Ẹ pín in sí márùn-ún, ó jẹ́ íǹṣì 50, ìyẹn mítà 1.27. Márùn-ún ló kéré jù tó yẹ kí ènìyàn wọ̀n, kí wọ́n sì jìnnà síra. Igi tí ẹ lò náà ṣe pàtàkì. Ó gbọ́dọ̀ gùn, kó tọ́, kó má tẹ̀, kí ẹ sì mú un dúró ṣánṣán bí òpó. Bó bá dagun díẹ̀, jíjìn tí yóò fi hàn yín á ju ti òótọ́ lọ. Ẹ fà á sókè, kí ẹ wo ibi tí omi rin ín dé, kí ẹ fi ọ̀bẹ fín in níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó tó gbẹ, kí ẹ tó wá fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Ẹni tí kò rí igi lò lè ka àtẹ̀gùn tó wà lábẹ́ omi, nítorí gíga wọn sábà máa ń dọ́gba, íǹṣì mẹ́fà tàbí méje. Ó tún lè ka ìlà búlọ́ọ̀kù lára ògiri tí wọn kò rẹ́: búlọ́ọ̀kù wa ga ní mìlímítà 225, pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín ìlà méjì, ìlà kọ̀ọ̀kan á tó mìlímítà 250. Ìlà mẹ́rin jẹ́ mítà kan. Èyí kò lè péye tó igi, ó kàn sàn ju kí ènìyàn máa sọ pé omi dé àyà lọ, torí àyà ta ni?

Ó yá, 86.7 lọ́nà 1.27 jẹ́ 110. Nítorí náà, bí yàrá náà bá ṣófo, 110,000 lítà ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n kò ṣófo. Ohunkóhun tó bá rì sínú omi ti gba àyè omi. Òpó mẹ́rin, tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì mẹ́sàn-án níbùú lóròó, kò ju 270 lítà lọ, ẹni tó bá gbàgbé wọn kò ṣẹ̀. Ògiri tó là á sí méjì tó bíi 1,450 lítà, lẹ́yìn tí a ti yọ ojú ilẹ̀kùn. Àtẹ̀gùn sinmi lórí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bí wọ́n bá fi erùpẹ̀ àti kankéré di abẹ́ rẹ̀ pa, tó sì fẹ̀ ní mítà 1.2, apá tó wà lábẹ́ omi á tó 1,900 lítà. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣófo, kò ní tó ìdajì ìyẹn. Ọjà yín ló wúlò jù láti kà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà 20 lítà 150 gba 3,000 lítà. Páálí táìsì kan tó gba mítà onígun mẹ́rin 1.44, tí táìsì rẹ̀ nípọn ní mìlímítà mẹ́jọ, jẹ́ bíi lítà 11.5, igba páálí á wá jẹ́ 2,300 lítà. Ohun tó bá léfòó yàtọ̀ sí ohun tó rì o. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà òfìfo tó ń léfòó kò gba àyè ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ, nítorí náà bó bá wúwo ní kílò kan, lítà kan péré ni ẹ óò yọ fún un, bó ti wù kó tóbi tó. Gbogbo ohun tí a yọ jẹ́ nǹkan bí 9,000 lítà. Ó ku 101,000.

Ẹrẹ̀ ló kù. Àgbàrá òjò tó ya wọ ilé lágbègbè Ògùnpa kì í mú omi nìkan wá, ó máa ń gbé iyanrìn, amọ̀ àti ọ̀rá dání. Igi yín gún ẹrẹ̀ rírọ̀ yẹn kọjá kó tó kan ilẹ̀ líle, nítorí náà ẹ ti ka ẹrẹ̀ mọ́ omi. Íǹṣì méjì ẹrẹ̀ lórí gbogbo ilẹ̀ náà jẹ́ 4,400 lítà. Pọ́ǹpù kò ní fà á tán. Ṣọ́bìrì àti bárò ni wọn ó fi kó o, nǹkan bí àádọ́rin bárò. Bí a bá yọ ìyẹn, a dé 97,000 tí mo sọ lókè. Ẹ má gbà pé ó péye dé orí lítà kan. Ní yàrá tó fẹ̀ tó báyìí, íǹṣì kan ṣoṣo jẹ́ 2,200 lítà, a sì lè ṣi íǹṣì kan tàbí méjì wọ̀n níbikíbi. Láàárín 92,000 sí 102,000 ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé 97,316 lítà ni, ó kàn ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ síta ni.

Níbo wá ni oníṣẹ́ yín ti rí 200,000? N kò ní pè é ní olè. Ẹ wò ó: bí a bá wọn yàrá yín láti ilẹ̀ dé abẹ́ dẹ́kìn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, tí í ṣe mítà 2.4, a óò rí 208,000 lítà. Ó jọ pé gbogbo yàrá ló wọ̀n dípò omi inú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti ro omi tí yóò máa sun wọlé nígbà tó bá ń fà á mọ́ ọn. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kó sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ má lo gálọ́ọ̀nù rárá, lítà ni kí ẹ máa pè. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà tí fóònù yín ń lò jẹ́ lítà 3.785, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.546, ti ọlọ́dà tí ẹ̀yin fúnra yín ń tà jẹ́ mẹ́rin, àwọn ará ilé wa sì tún ń pe kẹ́ẹ̀gì 25 lítà ní gálọ́ọ̀nù. Ọ̀rọ̀ kan, ìwọ̀n mẹ́rin: ìjà ló máa ń dá sílẹ̀ nígbà tí ó bá di owó.

Fún àwọn tí yàrá tiwọn kò ní igun mẹ́rin gédégédé: ẹ là á sí àwọn apá onígun mẹ́rin, kí ẹ wọn ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá rò wọ́n pọ̀. Bí ilẹ̀ bá fì débi pé apá kan gbẹ pátápátá, ibi tí omi dé nìkan ni kí ẹ wọn gígùn rẹ̀, kí ẹ sì lo ìdajì jíjìn ibi tó jìn jù.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí pọ́ǹpù. Lára ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù íǹṣì mẹ́ta tó ń lo bẹntiróòlù, ẹ óò rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé ó ń fa 1,000 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Ìwọ̀n ibi tí kò ti gun òkè rárá nìyẹn. Bí ó bá ti ní láti gbé omi gun mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó tún gba inú rọ́bà gígùn lọ sí gọ́tà, ìdajì rẹ̀ ló sábà máa ń kù. Bí afẹ́fẹ́ bá tún ń wọlé níbi tí rọ́bà ti so mọ́ pọ́ǹpù, tàbí tí ọ̀rá dí ẹnu rọ́bà tó wà nínú omi, a lè máà rí ìdajì ọ̀hún. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sí i lára gbọ́, ẹ dán an wò. Ẹ gbé dúróòmù 200 lítà síbi tí omi ti ń jáde, kí ẹnì kan di fóònù mú, kó ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí dúróòmù bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 24, pọ́ǹpù náà ń fa 500 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ 40, 300 péré ni. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, torí bí omi ṣe ń já lulẹ̀ nínú dúróòmù máa ń mú kó dàbí ẹni pé ó ti kún. Ní 500 lítà ní ìṣẹ́jú kan, 97,000 á gba bíi wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ rí i pé oníṣẹ́ yín kò purọ́ lórí agbára pọ́ǹpù rẹ̀: ó lè fà á tán ní ọ̀sán kan lóòótọ́.

Ìṣirò yìí tún lè sọ ohun tí ojú kò rí fún yín. Ẹ fi ẹfun fa ilà sí ara ògiri àtẹ̀gùn níbi tí omi dé, kí ẹ tó tan pọ́ǹpù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pọ́ǹpù tó ń fa 500 lítà ti gbé 5,000 jáde, ó sì yẹ kí omi ti lọ sílẹ̀ ju íǹṣì méjì lọ díẹ̀. Bó bá jẹ́ íǹṣì kan péré ló lọ sílẹ̀, 2,200 lítà ló dín, 2,800 yòókù ti wọlé padà: 280 lítà ń wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà ẹ ní láti wádìí ibi tó ń gbà wọlé. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò wò ni ibi tí rọ́bà ń da omi sí. Bó bá ń dà á sẹ́bàá ògiri ilé, omi tí ẹ fà jáde láàárọ̀ lẹ tún ń fà lálẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kọjá ilé pátápátá, kó dé gọ́tà tó ń ṣàn lọ. Ohun kejì ni òjò orí pánù. Mìlímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà kan. Pánù tó fẹ̀ ní mítà onígun mẹ́rin 100, bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lé e, 5,000 lítà ló ń dà sílẹ̀, bí ojú ọ̀nà àtẹ̀gùn yín ló sì ń dà á sí, ẹ ò ní bọ́ nínú wàhálà yìí láéláé. Ohun kẹta ni omi abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, òun ló sì le jù.

Ilẹ̀ Ìbàdàn pọ́n lókè, amọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, àpáta líle wá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Omi òjò á rì dé orí amọ̀ tàbí àpáta, kò ní ríbi kọjá, á wá máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ lọ sí àfonífojì. Àfonífojì Ògùnpa ni ilé yín wà. Odò yẹn ló kún ya ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ìbàdàn sì tún rí àkúnya omi ńlá mìíràn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Nígbà tí omi orí ilẹ̀ bá ti fà lọ, tí títì ti gbẹ, tí ènìyàn rò pé ó ti tán, ilẹ̀ tó yí ògiri yín ká ṣì mu omi yó bíi kàn-ìnkàn-ìn. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó fà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ “ọ̀sán kan” ti bà mí lẹ́rù rèé. Nísinsìnyí, omi ń ti ògiri láti ìta, omi inú yàrá ń tì í padà láti inú. Wọ́n gbé ara wọn. Bí ẹ bá fa ti inú tán ní wákàtí mẹ́ta, ti ìta nìkan ló kù. Omi tó ga ní mítà kan àbọ̀ lẹ́yìn ògiri máa ń ti mítà kọ̀ọ̀kan gígùn ògiri náà pẹ̀lú agbára tó ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ògiri yín tó gùn jù á wá máa gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́tàlá, láìtíì ka erùpẹ̀ tútù mọ́ ọn. Bí omi ìta bá sì ga ní ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí kò ní irin nínú kò bá irú èyí jìjàkadì. Ilẹ̀ náà kò gbẹ́yìn: kankéré íǹṣì mẹ́fà wúwo ní nǹkan bíi kílò 360 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, omi abẹ́ rẹ̀ tó bá fi sẹ̀ǹtímítà 36 ga ju abẹ́ kankéré náà lọ ti lè gbé e sókè. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi máa ń wú, tó sì máa ń là, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa omi tán, tí onílé á wá máa bú ẹni tó da kankéré.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ má fà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyẹn jẹ́ 26,400 lítà, kò tó wákàtí kan fún pọ́ǹpù 500. Ẹ pa á, ẹ fa ilà ẹfun sí ojú omi, ẹ lọ sùn. Bí omi bá gòkè kọjá ilà náà nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ìta ṣì yó; ẹ dúró. Ẹ lè ṣírò bó ṣe pọ̀ tó: bó bá gòkè ní íǹṣì mẹ́ta láàárín wákàtí mẹ́jọ, 6,600 lítà ló wọlé, ó ju 800 lọ ní wákàtí kan. Bí ó bá dúró sójú ilà, ẹ tún fa ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ẹ tún dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fa èyí tó kù. Ó ní ohun tí yóò ná yín: oníṣẹ́ á padà wá lẹ́ẹ̀mẹta, páálí táìsì á sì pẹ́ sí i nínú omi. Táìsì kì í bàjẹ́ nínú omi. Ọ̀dà tí ìdérí rẹ̀ dì dáadáa lè yè, ẹ ó nu ara bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ṣí i. Lójú tèmi, kò sí ọjà kankan níbẹ̀ tó tó ohun tí ẹ ó fi ògiri ilé bàbá yín san.

Pọ́ǹpù bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ wà ní ìta gbangba, rọ́bà nìkan ló ń wọlé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí àtẹ̀gùn nítorí àtifà á sún mọ́ omi. Èéfín ẹ́ńjìnnì máa ń jókòó sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, apá tó ń pa ènìyàn nínú rẹ̀ kò ní òórùn. Ẹ fi apẹ̀rẹ̀ tàbí àwọ̀n bo ẹnu rọ́bà tó wà nínú omi kí ọ̀rá má dí i. Bí ẹ bá rí epo dísù tó ń dán lójú omi, tàbí tí òórùn sọkawé wà níbẹ̀, ẹ má da omi náà sí gọ́tà, ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gbin ni kí ẹ pè. Nígbà náà ni iye táńkà wá di ohun tí ẹ ní láti kà lóòótọ́. Bí kò bá sí ìyẹn, n kò rí ìdí tí wọ́n fi ní láti gba owó yín ní táńkà-táńkà. Ẹ bá a ṣe àdéhùn iye owó lórí ẹsẹ̀ bàtà tí omi bá lọ sílẹ̀, kí ilà ẹfun lára ògiri jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ẹ̀yin méjèèjì.

Ohun kan wà tí ìwọ̀n inú lẹ́tà kò lè sọ fún mi: bóyá irin wà nínú ògiri yẹn. Kí ẹ tó fa ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ pàápàá, ẹ yí ilé náà po, kí ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri láti ìta, kí ẹ sì gba ojú fèrèsé wo inú. Bí ẹ bá rí i tí ògiri wú sínú, tàbí tí ó là gbọọrọ lọ ní ìbú láàárín ìlà búlọ́ọ̀kù, ẹ fi omi náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ kó àwọn tó ń gbé òkè jáde, kí ẹ sì wá ẹnjiníà tó ń ṣírò agbára ilé kó wá wò ó kí ẹnikẹ́ni tó tan pọ́ǹpù.